Dáàmù bàbá wa ń sun omi nídìí, àbúrò mi sì fẹ́ gbé e ga sí i

Olóko_Ìgbàjà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé bí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fi rí oorun sùn dáadáa. Oko bàbá wa kò jìnnà sí Ìgbàjà. Àfonífojì kan wà níbẹ̀ tí odò kékeré ń gbà kọjá, odò yẹn máa ń gbẹ tí ọyẹ́ bá ti dé, òun ni bàbá gbé katapílà wá dí ní 1986. Kì í ṣe ògiri sìmẹ́ńtì o, ilẹ̀ pupa lásán ni wọ́n kó jọ, gíga ẹ̀ á tó ẹsẹ̀ bàtà 15 níbi tó jìn jù, ó sì gùn tó 90 mítà bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bàbá jáde láyé ní 2019, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, àwa ọmọ mẹ́rin la jọ ni ín báyìí.

Dáàmù yẹn ti bọ́ wa o. Tí ẹ̀rùn bá le, tí kànga àdúgbò ti gbẹ tán, ibẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń pọn omi, ibẹ̀ làwọn Fúlàní ti ń fún màálù wọn lómi, ibẹ̀ náà la ti ń bomi rin tòmátì àti ata, owó ilé ìwé èmi gan-an inú ata yẹn ló ti jáde.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́dún tó kọjá àbúrò mi da ẹja sínú ẹ̀, ó wá rí i pé tí òjò bá pọ̀, ẹja ń bá omi lọ níbi tí omi máa ń gbà sálọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ló bá fi nẹ́ẹ̀tì wáyà dí ibẹ̀, ó tún to àpò yanrìn sí i ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kí omi lè pọ̀ sí i. Ó ti wá ń sọ báyìí pé lẹ́yìn ìkórè òun máa da yẹ̀pẹ̀ típà 20 sórí ògiri yẹn, ká fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbé e ga, ká sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíìkì sí i lára kó lè di ilẹ̀ mú. Èmi náà ò kọ́kọ́ rí ohun tó burú níbẹ̀.

Àfi bí mo ṣe lọ sẹ́yìn ògiri, ní apá tí kò sí omi, tí ẹsẹ̀ mi rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ ju tibi yòókù lọ, omi sì ń sun jáde lójú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Mo rí ihò òkété mẹ́ta lára ògiri, mo rí ọ̀gán kan tó ti ga dé orúnkún mi. Oṣù Kẹsàn-án la wà yìí, ẹ mọ bí òjò ṣe máa ń rọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa lóṣù Kẹsàn-án. Tí èèyàn bá sì rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sísàlẹ̀, abúlé kan wà níbẹ̀ tó ní ilé bíi 12, gáà Fúlàní kan wà níbẹ̀, ọ̀nà ọjà náà gba ibẹ̀ kọjá.

Ṣé omi tó ń sun yìí yẹ kó dẹ́rù bà mí àbí bí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn? Ṣé kí n fi sìmẹ́ńtì dí i? Ṣé ká gbé e ga bí àbúrò mi ṣe wí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó bá mi sọ̀rọ̀.

Awakọ̀_Katapílà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdúró ti iṣẹ́ bàbá. Ọdún 22 ni mo fi wa katapílà kí ẹ̀yìn tó ní kí n sinmi, mo sì ti bá wọn dí odò tó pọ̀, láti Òmù-Àrán títí dé apá Láfíàgí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti sìmẹ́ńtì. Ẹ má fi dí i o. Ẹ má fi amọ̀ dí i náà láti ẹ̀yìn. Omi tó ti wọnú ògiri, tẹ́ ẹ bá dí ibi tó ń gbà jáde mọ́ ọn kò ní padà sẹ́yìn, inú ògiri yẹn ló máa jókòó sí táá máa ti yẹ̀pẹ̀, títí táá fi bá ibòmíràn jáde níbi tẹ́ ẹ ò fojú sí.

Kò sí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ tí kì í sun díẹ̀. Àwọ̀ omi yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ la ojú kékeré kan fún un kó lè gba ibì kan ṣoṣo, ẹ ki páìpù kékeré sí i, ẹ gbé ike funfun sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ fi fóònù ka iye ìṣẹ́jú tó fi kún. Láràárọ̀ ni o. Tí omi bá mọ́ gaara, tí iye ìṣẹ́jú ò sì yí padà, ẹ ṣì ní àyè láti ronú. Tó bá rú, tí yẹ̀pẹ̀ bá silẹ̀ sí ìdí ike, a jẹ́ pé omi ti ń jẹ ògiri yẹn láti inú nìyẹn, bí ikán ṣe ń jẹ òpó, tí ara òpó á ṣì máa dán títí ọjọ́ tó máa ṣẹ́.

Nípa gbígbé e ga, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni da yẹ̀pẹ̀ sórí ògiri 1986 lọ́nà yẹn. Nígbà tá a bá ń ṣe dáàmù, a kọ́kọ́ máa gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí ibi tí ògiri máa jókòó, a ó hú ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ líle, amọ̀ tó dára la ó fi kún kòtò yẹn padà ká tó máa gòkè. A ó wá máa tẹ́ yẹ̀pẹ̀ ní ìpele ìpele, ìpele kan ò gbọ́dọ̀ ju íńṣì 6 sí 9 lọ, a ó wọ́n omi sí i níwọ̀nba, a ó fi rólà tẹ̀ ẹ́ kó le kí òmíràn tó bọ́ sórí ẹ̀. Ẹni tó bá mọṣẹ́ á bu yẹ̀pẹ̀ yẹn, á fún un lọ́wọ́, tó bá dì tí kò fọ́, tí kò sì rin ọwọ́, ó ti tó. Tí típà bá kàn wá dà á sórí koríko, tuntun àti àtijọ́ ò ní lẹ̀ mọ́ra, àárín àwọn méjèèjì ni omi máa gbà.

Ìdí ògiri yẹn ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sómi, ẹsẹ̀ bàtà kan tó bá lọ sókè ó yẹ kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ní mẹ́ta, tẹ̀yìn ó kéré tán méjì. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí àbúrò yín ń wí yẹn, kí ìdí ògiri fẹ̀ sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 15 ni, láti ìkangun dé ìkangun. Típà 20 ò lè ṣe é láéláé.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíìkì kẹ̀? Rárá o. Gbòǹgbò igi tó bá kú tó jẹrà, ihò ló ń fi sílẹ̀. Koríko nìkan ni ti ara dáàmù, bahama tó ń nà sílẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì máa gé e mọ́lẹ̀ kí ojú yín lè máa tó ihò òkété.

Ọmọ_Èsìẹ́

Ẹ̀gbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ohun tó ti dúró láti 1986 tí kò ṣubú, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Tiwa náà lóko ń sun omi bẹ́ẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Sọ̀féyọ̀_tó_ti_fẹ̀yìntì

Ọmọ_Èsìẹ́, mo gbọ́ ẹ, mi ò sì bá ẹ jiyàn lórí ọwọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dáàmù tó dúró láti 1986, spillway ẹ̀, ìyẹn ibi tí omi ń gbà sálọ, ṣí sílẹ̀ ló jẹ́ kó dúró. Ọdún tó kọjá ni wọ́n dí i. Kì í ṣe dáàmù bàbá ló wà níbẹ̀ mọ́.

Olóko_Ìgbàjà ọmọ mi, omi tó ń sun yẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ, nẹ́ẹ̀tì yẹn ni. Yọ ọ́ lónìí, má dúró dọ̀la. Ibi tí omi ń gbà sálọ yẹn la ń pè ní spillway, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ wà. Dáàmù kọnkéré lè fara da kí omi gba orí ẹ̀ kọjá. Ti yẹ̀pẹ̀ ò lè fara dà á. Tí omi bá ti gba orí ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn, á máa jẹ ẹ́ bọ̀ wá síwájú, nígbà tó bá sì fi kan omi tó wà nínú, ó ti parí.

Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ká ní gbogbo ilẹ̀ tí omi ẹ̀ ń ṣàn wá sínú dáàmù yín jẹ́ kìlómítà kan lóòró, kìlómítà kan níbùú. Òjò kan ṣoṣo tó bá rọ̀ tó 50 mìlímítà, omi tó bọ́ sórí ilẹ̀ yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 50 lítà. Ká ní ilẹ̀ mu ìdajì ẹ̀, mílíọ̀nù 25 ló ń bọ̀ wá bá yín. Táńkà tó ń gbé 10,000 lítà, 2,500 ni kó wá já omi sílẹ̀ níbẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan. Ojú ibo ló fẹ́ gbà, nígbà tí wáyà àti àpò yanrìn ti wà lẹ́nu ọ̀nà?

Nẹ́ẹ̀tì ẹja yìí ti bá ìlú kan jà rí. Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kan wà ní South Fork, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olówó kan ló ra á kí wọ́n lè máa pẹja níbẹ̀. Wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ dí spillway kí ẹja má baà lọ. Páìpù tí wọ́n fi ń já omi láti ìsàlẹ̀, ẹni tó ni ín ṣáájú wọn ti tú u tà, wọn ò sì fi òmíràn sí i. Wọ́n tún bu orí ògiri kúrò díẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè ráyè kọjá. Ní 31 oṣù Karùn-ún 1889 òjò ńlá dé, igi àti pàǹtí há sẹ́nu irin yẹn, omi gba orí ògiri, ó ya, ó kọjú sí ìlú Johnstown. Èèyàn tó lé ní 2,200 ló kú. Tẹ́ ẹ bá ní ìyẹn ti pẹ́, ní 9 oṣù Karùn-ún 2018 dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ kan tó jẹ́ ti oko aládàáni ya lóru ní Solai, ní Kẹ́ńyà, ó pa èèyàn tó lé ní 40, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Oko aládàáni, bíi tiyín náà.

Láti ojú ibi tí omi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sálọ dé orí ògiri, kò yẹ kó dín ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Àpò yanrìn ẹsẹ̀ bàtà méjì tí àbúrò ẹ tò, inú mẹ́ta yẹn ló ti mú méjì. Spillway gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá, kì í ṣe lórí yẹ̀pẹ̀ tí èèyàn kó jọ, kó fẹ̀, kó má jìn, kí koríko bò ó.

Wá ẹnjiníà tó mọ̀ nípa omi. Ọ́fíìsì àgbà Lower Niger River Basin, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi, wà ní Ìlọrin, Yunifásítì Ìlọrin náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ẹnjiníà omi. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Gánmọ̀

Bọ̀ọ̀dá, mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí "nẹ́ẹ̀tì" àti "àpò yanrìn" yẹn, ara mi bù máṣọ.

Tiwa ò tó tiyín, ògiri ẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, owó àjọ la fi ṣe é èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Bí ẹ ṣe ṣe é yẹn náà la ṣe é. Èmi gan-an ni mo ní kí ọmọ tó ń bá wa ṣọ́ ẹja kó àpò síbẹ̀, torí mo ti rí ẹja mẹ́ta tó bá omi lọ, ó dùn mí. Ẹja mẹ́ta o. Òru Jímọ̀ kan, òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, bí aago méjì la gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí típà bá ń da òkúta sílẹ̀. Ká tó jáde, adágún ti ṣófo. Ẹja wà lórí koríko, wà lójú ọ̀nà, wà nínú oko gbágùúdá. Ọpẹ́ ni pé kò pa èèyàn. Ó gbé ewúrẹ́ mẹ́fà lọ, ó sì gba inú oko iṣu ìyá àgbà kan kọjá, gbogbo ebè yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pé ẹnì kan ò kọ ọ́ rí.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi san owó iṣu yẹn. Mi ò kábàámọ̀ owó. Ìyá yẹn jókòó sórí òkúta láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò bú mi, kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀, títí dòní tí mo bá rántí bí wọ́n ṣe jókòó yẹn, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ẹja tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Tí àbúrò yín bá fẹ́ fi ẹja ṣòwò, kó gbẹ́ adágún kéékèèké tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa fa omi sí i láti inú dáàmù, èyí tí mò ń ṣe báyìí nìyẹn, ó sì rọrùn láti kó ẹja níbẹ̀ ju inú omi ńlá lọ. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Lọ́yà_Ìlọrin

Salaam alaekum gbogbo ilé. Díẹ̀ ni tèmi. Mo rí i pé ẹ̀yin mẹ́rin lẹ jọ ni dáàmù yìí, kí gbogbo yín jọ ka ibí yìí. Ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ń lo ìlànà kan tó jáde nínú ẹjọ́ Rylands àti Fletcher ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1868. Ẹjọ́ adágún omi náà ni: ọkùnrin kan ṣe adágún sórí ilẹ̀, omi já wọ ibi tí aládùúgbò ẹ̀ ti ń wa èédú. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ sórí ilẹ̀ ẹ̀, tó sì já lọ ba ti ẹlòmíì jẹ́, òun ló máa san án, ìbáà má tiẹ̀ jẹ́ pé ó ṣe àìbìkítà. Kẹ́ ẹ sì wá jẹ́ ẹni tó mọ̀ pé omi ti ń sun, tó fi nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, ìyẹn tún burú jùyẹn lọ. "Orí ilẹ̀ bàbá wa ló wà" ò gba èèyàn sílẹ̀ níwájú adájọ́.

Olóko_Ìgbàjà

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo pe àbúrò mi, inú bí i, ó ní mo fẹ́ ba owó òun jẹ́. Mo wá ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja sí i létí lórí fóònù, nígbà tí mo dé ibi tí ìyá àgbà yẹn ti jókòó sórí òkúta, ó dákẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la jọ lọ yọ nẹ́ẹ̀tì. Ewé àti igi tó ti há síbẹ̀ kún bárò méjì. A kó àpò kúrò, omi ń lọ, kó tó di àárọ̀ ó ti fi íńṣì méje lọ sílẹ̀.

Ike funfun: lítà mẹ́rin, ó fi ìṣẹ́jú mẹ́fà kún lọ́jọ́ kìíní, ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́jọ́ kejì. Òjò rọ̀ lóru àná. Láàárọ̀ yìí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, omi yẹn ò mọ́ bíi tàná, yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà nídìí ike. A ti rí ẹnjiníà, ṣùgbọ́n Àlàmísì ló tó lè wá. Kí ni kí n ṣe kó tó dé? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn.

Sọ̀féyọ̀_tó_ti_fẹ̀yìntì

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, lọ sí abúlé ìsàlẹ̀ yẹn nísinsìnyí. Bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀, bá àwọn ará gáà sọ̀rọ̀, má fi bò. Kí wọ́n má sùn sí ilé tó sún mọ́ odò títí omi á fi lọ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí ariwo kan tó máa jẹ́ àmì, agogo tàbí fèrè, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ògiri lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Awakọ̀_Katapílà

Ohun tí bàbá wí yẹn ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá yanrìn odò tó mọ́, tí kò ní amọ̀ nínú, ẹ tẹ́ ẹ lé ojú ibi tó ń sun, kó tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì fẹ̀ kọjá ibi tó tutù. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ lé yanrìn, ẹ wá fi òkúta ńlá tẹ orí ẹ̀. Omi á máa ráyè jáde, yẹ̀pẹ̀ ò ní ráyè bá a lọ.

Ẹ dín omi kù. Páìpù PVC oníńṣì mẹ́rin, ẹ gbé e gba orí ògiri, ẹnu kan nínú omi, ẹnu kejì lẹ́yìn níbi tó relẹ̀ ju ojú omi lọ, kó sì jìnnà sí ìdí ògiri kó má baà gbẹ́ ẹ. Ẹ dí ẹnu méjèèjì, ẹ rọ omi kún un láti ojú kan lókè, ẹ dí ojú yẹn pa, kẹ́ ẹ wá ṣí ẹnu méjèèjì. Á máa fa ara ẹ̀ láìsí pọ́ǹpù. Méjì tàbí mẹ́ta irú ẹ̀ lẹ máa nílò. Ṣùgbọ́n kí omi má lọ sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lójúmọ́. Ògiri tó ti mu omi yó, tí omi iwájú ẹ̀ bá sá lọ lójijì, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á ya lulẹ̀. Ẹ má gbẹ́ ọ̀gán yẹn, ẹ má sì fa igi kankan tu títí ẹnjiníà á fi dé.

Olóko_Ìgbàjà

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. A ti ṣe gbogbo ẹ̀. Mo rò pé àwọn ará abúlé á bú mi ni, baálẹ̀ ní ọdún wo làwọn ti ń retí kí ẹnì kan nínú àwa ọmọ wá bá àwọn sọ̀rọ̀ omi yẹn, ojú tì mí. Ọkùnrin méje ló tẹ̀ lé mi wá kó yanrìn, méjì nínú wọn láti gáà.

Ẹnjiníà dé ní Àlàmísì. Ó ní ihò òkété kan ló jọ pé ó lọ bá gbòǹgbò igi emi kan tí bàbá gé láyé ọjọ́un, ìyẹn ti jẹrà, omi ti rí ọ̀nà. Kò gbà ká gbé ògiri ga rárá. Ó ní ká jẹ́ kí omi wà nísàlẹ̀ báyìí títí ẹ̀rùn á fi dé, nígbà náà la máa gbẹ́ ibẹ̀ jáde látòkè délẹ̀, ká tún un dì ní ìpele ìpele, ká hú ọ̀gán yẹn kan ilé ọba ikán, ká sì fẹ spillway. Owó ẹ̀ pọ̀, a máa ta ilẹ̀ kékeré kan. Àbúrò mi ti ń fi okùn wọn ibi tó máa gbẹ́ adágún ẹja tiẹ̀ sí.

Baálẹ̀ yan ọmọkùnrin kan tó ń wá ka ike pẹ̀lú mi láràárọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tòní: ìṣẹ́jú mẹ́jọ, omi mọ́.